Kẹ̀kẹ́ Búlúù Rẹ àti Irin Eléyín Méjìlélọ́gbọ̀n

                                                  Ilé Tíṣà Dáníẹ́lì,
                                                  Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré,
                                                  Òmù-Àrán,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ìbráhímù, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí,

Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ọ̀tún ńkọ́, èyí tó máa ń mọ̀ pé òjò fẹ́ rọ̀ kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ tó mọ̀? Ṣé Taslimah ọmọ wa ń ṣe dáadáa níbi iṣẹ́? Ṣé Khaleel ọmọ-ọmọ rẹ ti ń jẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣàn, àbí àwòrán ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ ṣì jọ ń wò láti àárọ̀ títí di alẹ́? Wọ́n ní Kàdúná ti tutù díẹ̀. Níhìn-ín, òjò kò fún wa láyè sá aṣọ. Gbogbo wa la wà láàyè, a dúpẹ́. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń béèrè rẹ. Wọn kò tí ì gbàgbé pé ìwọ ni Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó dìde níbi ìfẹ̀yìntì mi láti sọ fún wọn pé wọ́n ṣi ohùn.

Mo mọ̀ pé o ó yí àpò ìwé yìí sí ọ̀tún, o ó yí i sí òsì, o ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lórí fóònù. Bí mo bá ti dé ibì kan báyìí nínú rẹ̀, ohùn mi á há, mo á sì díbọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìwọ náà á díbọ́n pé o gbà bẹ́ẹ̀. O ṣeun fún ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀, kí n kúkú kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Mo ti tú táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ. Kẹ̀kẹ́ búlúù yẹn, èyí tí o rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, tí o sì gùn lẹ́ẹ̀mẹta péré láyé rẹ: lẹ́ẹ̀kínní dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, lẹ́ẹ̀kejì dé ilé ìwé, lẹ́ẹ̀kẹta dé àárín ẹ̀gẹ́ tí ìyá kan sá sí ẹ̀bá ọ̀nà Èsìẹ́. Ọjọ́ yẹn ni o fà á wá sílé mi, tí o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀gẹ́ á fi tán lórí ilẹ̀ ayé. Mo tọ́jú rẹ̀, Ìbráhímù. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri báyìí, kò sì dá mi lójú pé yóò tún padà sídìí rẹ̀. Kà á dópin kí o tó bínú.

O mọ̀ pé láti oṣù Kejì ni rọpárọsẹ̀ ti mú Ìyá Ṣèyí ìyàwó mi, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni bí ó ṣe rí nínú ilé. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ètè, òmíràn ni yóò jáde. Lọ́jọ́ kan, ó pe ṣíbí ní bàtà lójú àwọn àlejò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ń mi orí, ó ń fi ojú sọ̀rọ̀. Nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún kò gbé nǹkan, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́. Bí mo bá ní kó na ìwé ìròyìn sí mi, orí tábìlì ni yóò gbé e sí, á sì wo ibòmíràn. O rántí bí ó ṣe máa ń gbá ọwọ́ àwọn ọmọ tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà. Ó gbá ti Taslimah náà rí, nígbà tí ẹ wá kí wa lọ́dún iléyá.

Àtẹ̀gùn méjì péré ló wà láàárín yàrá tí a ti ń jẹun àti ilé ìdáná wa. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni obìnrin yìí fi ń gun àtẹ̀gùn méjì yẹn láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, tó ń gbé tíì wá bá mi nídìí tábìlì. Láti oṣù Kejì, orí àga kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń jókòó sí, tó ń wo àtẹ̀gùn méjì náà bí ẹni ń wo odò tó kún. Èmi ni mò ń po tíì fúnra mi. O ti mu tíì tí mo pò rí, n kò ní ṣàlàyé.

Ọmọ Omupo kan, Hussainat, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń tún ẹsẹ̀ àti apá wọn lò, ló ń wá sílé wa ní ọjọ́ Sátidé. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yìí ní láti máa yí. Kó má le, kó má yára, kó ṣáà máa yí lójoojúmọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìparí ọdún, àtẹ̀gùn yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀." Ìyá Ṣèyí gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ.

Mo sọ fún Ṣèyífúnmi ọmọ wa ní ìlú òyìnbó, ó sì fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ nínú páálí tó wúwo bí ọmọ màlúù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú ilé ni. O ó tú táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kúrò, o ó gbé ìdí kẹ̀kẹ́ náà lé ẹ̀rọ, ẹni tó bá gùn ún á wà á títí tí yóò fi làágùn láì kúrò ní pálọ̀. Kò béèrè iná mànàmáná, èyí tí í ṣe àánú Ọlọ́run. Kẹ̀kẹ́ wo ló tún wà nílé yìí yàtọ̀ sí tìrẹ?

Nǹkan kan ni kò sí nínú páálí: àwọn irin eléyín róbótó tí ṣéènì ń gbà kọjá lẹ́yìn, tí wọ́n tò léra bí àwo, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Kásẹ́ẹ̀tì ni Ṣèyí pè é. Ó ní ẹni tó ra ẹ̀rọ ló máa ń yan èyí tó bá ẹsẹ̀ tirẹ̀ mu. Tara kẹ̀kẹ́ rẹ ti dípẹtà, eyín rẹ̀ mélòó kan ti kán. Ṣèyí ní kí n ka iye irin tó wà lórí ti tẹ́lẹ̀, pé iye yẹn náà ni a gbọ́dọ̀ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣéènì kò ní jókòó. Mo kà á, mẹ́jọ ni. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi parí sí, ibẹ̀ náà sì ni Ọlábọ̀wálé ti wọlé.

O rántí Ọlábọ̀wálé, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé ìwé, tó sì ṣì ń ṣàbẹ̀wò gbogbo wa. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé kí òun tó dé. Nígbà tí mo gbé Ìyá Ṣèyí níyàwó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó rí tín-ínrín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìyàwó mi bá sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ikùn ń yí padà, orúkọ kò yí padà. Níwájú àwọn tíṣà tó ń gbọ̀n fún un, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi í joyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó máa ń fajú ro, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ rọra o, ẹni ńlá ni mí níbí," òun náà á sì dáhùn, "Ẹni ńlá ni yín lóòótọ́, mo ń rí i." Láti oṣù Kejì, kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á jókòó tì í, á sọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, á wá dákẹ́ díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń dúró de nǹkan ni.

Ó gba ọ̀rọ̀ irin náà bí ẹni tí gómìnà yàn. Ó ra ìwé kékeré tuntun, ó kọ àkọlé sí i: Ìjábọ̀ lórí Yíyan Irin Kẹ̀kẹ́. Ó gbé ìdí ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lójú ewé mẹ́ta gbáko, ó fa ìlà sábẹ́ àwọn kan. Òpin rẹ̀ ni pé irin kékeré, iṣẹ́ kékeré. Irin ńlá, iṣẹ́ ńlá. Aláìsàn ni à ń sọ, nítorí náà, irin tó kéré jù ni kí a rà. Ìbráhímù, mo fọwọ́ sí i. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì, mo fi báírò pupa mààkì rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Ìyá Ṣèyí ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó wò wá, ó mi orí, ó tún mi orí. Mo rò pé ẹ̀wà ló ní kòkòrò.

A gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ, sọ́dọ̀ Usamah tó ń ta irin kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Oríṣi méjì tó jẹ́ oní-mẹ́jọ ló ní. Nínú ọ̀kan, irin tó tóbi jù ní eyín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò ju ìdérí ife lọ. Nínú èkejì, ó ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Usamah béèrè ẹni tó fẹ́ gùn ún. A sọ fún un. Ó gbé ti àwo ọbẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ọlábọ̀wálé dá a padà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kà á fún Usamah láti ojú ewé kìíní. Usamah tẹ́tí títí dé òpin, ó nu ọwọ́, ó ní, "Alàgbà, ẹ̀kọ́ yín pọ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò lọ sílé ìwé." Ọlábọ̀wálé ní kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Usamah ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò mọ̀ ọ́n, ó sì di kékeré náà fún wa. Ó ní òun yóò wá dè é mọ́ ẹ̀rọ fún wa ní ọjọ́ Sátidé. Mo ṣàkíyèsí pé ó ju ti àwo ọbẹ̀ sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. N kò béèrè ìdí.

Sátidé dé. Kí o lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ Ìyá Ṣèyí lógún tó, ó wọ ṣòkòtò mi. Obìnrin tó ní kí wọ́n má sin òun pẹ̀lú ṣòkòtò! Usamah ti fa ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀ pátápátá. Èmi di apá kan mú, Hussainat di apá kejì, ó fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ pẹ́dà kí ó má baà yọ̀. Ọlábọ̀wálé dúró níwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìdíje eré ìdárayá.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò yí. Ó gbára jọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà náà lọ díẹ̀, ó dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ̀n, ó rọra fi orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo sì rí omi tó kán sórí irin rẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun tó wà lójú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí n tún rí i mọ́ títí n ó fi kú. Ibí yìí ni ohùn mi ti máa ń há lórí fóònù.

Ọlábọ̀wálé ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ní ti ìṣirò, kò sí àṣìṣe, ó lè jẹ́ pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kò tí ì fi ọkàn...

"Ọ̀pẹ́..."

Ìyá Ṣèyí ni. Kò gbé orí sókè. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú èérí.

"Ọ̀pẹ́... lẹ́ńgẹ́. Ẹ dákẹ́ ná."

Ó na ìka ọwọ́ òsì sí irin ẹ̀yìn. "Ńlá," ó ní. "Ńlá... lẹ́yìn. Ti oníṣu." Ó mí kanlẹ̀. Ó wò mí, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, irú ìbínú tí mo ti ń wá láti oṣù Kejì. "Aruṣu ni mí, Dáníẹ́lì."

Ó yé mi lójijì, ojú sì tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti gbàgbé ọmọ ẹni tí mo fẹ́. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni bàbá rẹ̀ ní Òrò-Àgọ́, níbi tí gbogbo ọ̀nà jẹ́ òkè àti òkúta. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, òun ló ń ka eyín irin fún bàbá rẹ̀, tó ń kó wọn sínú agolo ní ìyàtọ̀ ìyàtọ̀: eléyín mẹ́rìndínlógún fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó, eléyín méjìdínlógún fún tíṣà àti pásítọ̀, eléyín méjìlélógún fún àwọn àgbẹ̀ tó ń ru iṣu gun òkè. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, irin ńlá ni bàbá rẹ̀ máa ń fi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè yí i pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Mo gbọ́ ọ nígbà náà nítorí pé ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa ní ọjọ́ tí a ń kọ ìjábọ̀, a kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin méjì tó gba owó ìjọba títí wọ́n fi darúgbó láti máa béèrè ìbéèrè!

Usamah ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti mú ti àwo ọbẹ̀ jáde nínú àpò. Sípánà dún díẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbé ṣéènì lé irin tó tóbi jù, ó sún sẹ́yìn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí.

Ó tún yí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, tó ti dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láti oṣù Kejì, lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀. Ìyá Ṣèyí bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn Òrò-Àgọ́ ti ìgbà ọmọdé rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ka eyín irin fún bàbá rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan títí ó fi dé ogún. Hussainat ní ó tó, kí ó sinmi. Ó ní rárá, ó kà á dé méjìlélógún.

Ọlábọ̀wálé ti jáde sí ìta. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ń nu ojú, ó ní gíríìsì ló ta sí òun lójú. Kò sún mọ́ gíríìsì ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ tó pè mí?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Kò gbàgbé." Ó fi ìwé ìjábọ̀ rẹ̀ bo ojú, àgbà ọkùnrin, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Láti ìgbà náà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àràárọ̀ ló ń gùn ún. Ó ti dé igba yíyí, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí irin tó kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, òun ló sì ń sọ fún wa ìgbà tó tọ́ láti yí i. Ọ̀rọ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èébú ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣì ń pe ṣíbí ní bàtà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ mọ́, á ní kí a ṣáà gbé bàtà náà wá, ọbẹ̀ ń tutù. Ọlábọ̀wálé ń wá ka iye rẹ̀ sínú ìwé ìjábọ̀. Kí ó má baà dùn ún, mo ń mààkì rẹ̀.

Nítorí náà, Ìbráhímù, forí jì mí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ. Nígbà tó ní táyà méjì, ẹ̀gẹ́ ni ó gbé ọ lọ. Nísinsìnyí tó ku ọ̀kan, tí kò sì kúrò lójú kan, ó ń gbé ènìyàn lọ síbi tó fẹ́ lọ. Bí o bá fẹ́ kí n ra òmíràn dípò rẹ̀, kọ̀wé sí mi. Bí o bá fẹ́ wá wò ó, wá kí òjò tó dá. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n má sá ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Bá mi kí Taslimah, sọ fún un pé ẹni tó gbá a lọ́wọ́ ń kí i. Bá mi kí Khaleel àti àwọn ẹranko rẹ̀. Ọlábọ̀wálé ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kí n má kọ apá ibi tó ti sunkún. Mo ṣèlérí fún un.

Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí lókè yẹn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ báyìí tí mo fi ní láti tún gbé báírò. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo gbọ́ tí ìdérí kan já bọ́ ní ilé ìdáná. Mo fẹ́ dìde, mo wá jókòó padà, n kò mọ ìdí. Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, ìsinmi, ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìdajì tíì náà ti dà sílẹ̀ láti ilé ìdáná dé ìdí tábìlì, Hussainat kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Ó dúró. Ó wo ife náà, ó wo ọwọ́ òsì tó fi dì í mú, ó wo orí tábìlì bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ kí ó sì wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ó na òsì náà sí mi.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. N kò ní sọ fún un.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ ìṣirò kẹ̀kẹ́,
                                                  Dáníẹ́lì.